Ipa Kẹ̀kẹ́ ní Oko Kábéèjì

Eérú ni Lute Garrity kọ́kọ́ fi hàn mí, kó tó rántí pé òun ò tíì kí mi.

"Ìyá Rudge, ẹ wá wo nǹkan. Wọ́n ti dáná sun ún."

Ó kúnlẹ̀ níwájú ààrò irin nínú ilé ìdáná Zerelda Pruitt, ó di ilẹ̀kùn ààrò náà mú bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. Lute ni ọ̀gá ọlọ́pàá ní Sorrel Creek. Ọmọ dáadáa ni, ó kàn máa ń yára gba ohun tó bá kọ́kọ́ rí gbọ́ ni. Ọkọ mi ló wà nípò yẹn kó tó kú. Èmi ni mò ń se oúnjẹ fún àwọn tó wà ní àtìmọ́lé nígbà náà, ẹlòmíràn nínú wọn sì máa ń jẹ́wọ́ fún mi kó tó jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán. Láti ìgbà yẹn, bí ọ̀ràn bá ta kókó, Lute á ní kí n máa bọ̀.

Zerelda jókòó sídìí tábìlì. Kò sunkún. Ó kàn ń fọwọ́ pa orí tábìlì bí afọ́jú tó ń wá ṣíbí.

"Àpótí páànù mi, Tamsin," ó ní. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi sí. Ó ti lọ."

Kò sẹ́ni tí kò mọ àpótí náà. Inú rẹ̀ ni ìwé Zerelda wà, gbogbo ohun tó ti kọ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó rin ilé dé ilé, láti ilé pákó dé ilé tí wọ́n fi erùpẹ̀ àti gbòǹgbò koríko mọ, ó ń bi àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ yìí dó: ta lẹ bá dé, kí lẹ jẹ lọ́dún tí eéṣú bo ilẹ̀, ta ló kú lójú ọ̀nà, ibo lẹ sin ín sí. Ó kọ orúkọ tí àwọn Pawnee tó ni ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀ ń pe odò wa kí a tó dé wá sọ ọ́ ní nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá a lóhùn ló ti wà nínú ilẹ̀ báyìí. Kò sì sí ẹ̀dà kejì.

Ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán ọjọ́ náà ló yẹ kó gbé ìwé yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Omaha. Ìwé ìtàn kan ṣoṣo ni ìgbìmọ̀ àgbègbè wa fẹ́ tẹ̀. Bí ti Zerelda kò bá bá ọkọ̀ náà lọ, ti Ambrose Keel, olóòtú ìwé ìròyìn wa, ni wọ́n máa tẹ̀.

"Ojú mi ti ń ṣú," Zerelda ní. "Mi ò lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ká tiẹ̀ ní mo lè kọ ọ́, ta ni mo fẹ́ lọ bi? Ibojì?"

Mo fi ṣíbí bu eérú náà jẹ́jẹ́. Ìwé tó jóná, bí èèyàn kò bá fọwọ́ rún un, lẹ́tà máa ń hàn lára rẹ̀.

"Lute, kí lo rí?"

"Eérú, mà."

"Wò ó dáadáa. Lẹ́tà ẹ̀ tò ní òpó-òpó tóóró. Oògùn ẹ̀yìn dídùn ni wọ́n ń polówó níbí. Ṣé Zerelda ló ń polówó oògùn?"

"Ìwé ìròyìn ni," ohùn kan ní lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni mo fi dáná láàárọ̀. Àbí dídáná ti di ẹ̀ṣẹ̀ nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi?"

Philura nìyẹn, àbúrò ọkọ Zerelda. Láti ìgbà tó ti bá ọkọ̀ ojú irin dé ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Àwọn méjèèjì ń jẹun lórí tábìlì kan, wọ́n ń jókòó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ní òjò ń bọ̀, ìkejì á kó aṣọ jáde lọ sá.

"Ẹ ò fẹ́ràn ìwé yìí, Philura," mo ní.

"Ta ló fẹ́ràn ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ló túlẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbẹ́ kànga. Mo ní kí ìyàwó ka ibi tó kọ nípa ọkọ ẹ̀ fún mi, ó kà á. 'Èmi, èmi, èmi' ló kún ibẹ̀. Mò ń wá ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹ̀ bí ẹni ń wá ẹran nínú ọbẹ̀ ahun."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e?"

"Tí mo bá fẹ́ gbé e, ojú ẹ̀ báyìí ni màá ti gbé e."

Mo gbà á gbọ́. Ẹnu Philura mú débi pé kò nílò olè jíjà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sí ìpàdé àdúrà nírọ̀lẹ́ àná, Zerelda ti fi ojú ewé tó gbẹ̀yìn sínú àpótí kó tó dé fìlà rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ lọ, wọ́n jọ bọ̀. Láàárín ìgbà yẹn ni olè wọlé. Kò sẹ́ni tó ń ti ilẹ̀kùn ní Sorrel Creek.

"Gbọ́, Lute," mo ní. "Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé run á sun ún, á sì fi àpótí sílẹ̀. Páànù kì í jó. Àpótí ńkọ́? Ó gbé e lọ pẹ̀lú ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìwé yẹn ṣì wà níbì kan, kò sì fẹ́ kí omi kàn án."

Lute mí kanlẹ̀. Zerelda gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Kí ló tún yàtọ̀ nígbà tí ẹ dé?" mo bi í.

"Kò sí." Ó ronú. "Ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí mo pò nìkan. Nígbà tí mò ń jáde, ó ti ń gun etí abọ́. Nígbà tí mo dé, ó ti wálẹ̀. Mo ní ìwúkàrà mi ti kú. Láàárọ̀ tí mo wá rí i pé àpótí ò sí, mi ò tún ronú kan búrẹ́dì mọ́."

Mo lọ wo abọ́ náà. Ìyẹ̀fun tó ti gbẹ lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ yípo, èyí tó ṣàn jáde ti gbẹ sórí tábìlì. Mo ká aṣọ tó bò ó kúrò. Ìyẹ̀fun náà ti tún wú, ó kún dé etí, ó ti fẹ́ máa kan.

"Ìwúkàrà ẹ ò kú, Zerelda," mo ní.

Kí n tó sọ ìyókù, Philura tún dá sí i. "Kí lẹ ń wo búrẹ́dì fún? Ẹ lọ bi Ambrose Keel! Bí a ṣe ń jáde lánàá, mo rí i níbi ọgbà wa. Ó fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ kóòtù, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo ẹyẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ látàárọ̀?"

"Ẹ ò bi mí."

* * *

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹni tó pa òwe yẹn ò rí Ambrose Keel. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ikùn rẹ̀ kan etí tábìlì, yíǹkì dúdú wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó rí Lute lẹ́yìn mi, ó dìde.

"Ọ̀gbẹ́ni Keel, kí lẹ wá ṣe níbi ọgbà Zerelda lánàá?"

"Ẹ̀rí ọkàn mi, ìyá, dà bí omi orísun tó ń ṣàn gaara láàárín òkúta—"

"Ọgbà ni mo bi yín. Mi ò bi yín ní omi."

Lute wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀.

"Mo kàn ń kọjá ni."

"Pẹ̀lú kí ni lábẹ́ kóòtù?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wo Lute, ó wo fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, ó mú ìwé kan tó ká jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ kúrò nínú yàrá yìí. Ìtàn ìgbésí ayé mi ni. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo fẹ́ bẹ ìyá Pruitt kí wọ́n bá mi fi sínú ìwé tiwọn."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń bá a du ìwé títẹ̀?" Lute ní.

"Mo ti ka tèmi," Keel ní. Ó tún jókòó, àga sì ké. "Mo ka díẹ̀ nínú tiwọn, èyí tí wọ́n fi hàn mí. Tèmi dára. Ọ̀rọ̀ dídùn kún inú ẹ̀ bí oyin. Ṣùgbọ́n mo ka tèmi lẹ́ẹ̀mejì, mo sùn lọ lẹ́ẹ̀mejì. Tiwọn ò jẹ́ kí n sùn."

"Ẹ ń jowú ẹ̀."

"Mò ń jowú gan-an ni, Ìyá Rudge! Àwọn obìnrin yìí fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé màlúù. Wọ́n jẹ gbòǹgbò igi. Èmi ńkọ́? Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo gbà dé, lórí àga tó rọ̀. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n kọ?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní ìbéèrè kan.

"Ẹ wọlé?"

"Mo kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wọ ilé ìdáná, mo fẹ́ fi ìwé mi sórí tábìlì. Ojú wá tì mí. Mo jáde."

"Ẹ rí abọ́ ìyẹ̀fun?"

"Èyí tó ń ṣàn sílẹ̀ yẹn? Mo rí i. Ó ti dé orí tábìlì, díẹ̀ ló kù kó ba ìwé mi jẹ́."

"Kí lẹ ṣe sí i?"

Ó wò mí bí ẹni tó rò pé orí mi ti dàrú. "Kí lèèyàn ń ṣe sí ìyẹ̀fun?"

Mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Níta, Lute dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin. "Ṣé a ò ní mú un ni? Ó gbà pé òun wọlé. Ó gbà pé òun ń jowú!"

"Tó bá jẹ́ owú la fi ń mú èèyàn, níbo lo ti fẹ́ rí àyè fún gbogbo wa? Gun ẹṣin ẹ. Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan. Tí o bá wọlé onílé láti jalè, tí o rí ìyẹ̀fun tó ń ṣòfò, kí lo máa ṣe?"

"Máa bá tèmi lọ, mà."

"Bí Keel ṣe ṣe nìyẹn. Ìyẹ̀fun ń ṣàn nígbà tí òun jáde. Nígbà tí Zerelda dé, ó ti wálẹ̀, wọ́n sì ti tún aṣọ bò ó dáadáa. Ẹnìkan ló fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ kan gbé àpótí, ọwọ́ kejì ń tọ́jú búrẹ́dì ẹni tó ń jà lólè."

"Wèrè wo nìyẹn?"

"Kì í ṣe wèrè. Obìnrin tó ti fi ìwúkàrà sí àyà rẹ̀ lóru kí òtútù má pa ìwúkàrà náà ni. Nígbà tí a dé ilẹ̀ yìí, bí ìwúkàrà bá kú, a ó rìn láti àárọ̀ dọ́sàn-án ká tó rí ẹni tó máa fún wa ní ẹ̀kún ife kan. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ò lè rí ìyẹ̀fun tó ń ṣòfò kó kọjá. Kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé òun fọwọ́ kàn án."

Lute bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tó kù nítòsí. Susannah Brill ló darí àdúrà lánàá. Ìyá àgbà Toomey ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́.

"Ó ku Ìyá Orne," ó ní. Ó wá wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú. "Àti ẹ̀yin, mà."

"Ilé mi ni mo wà, ẹsẹ̀ mi wà nínú omi gbígbóná. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi ò rẹ́rìn-ín. Mehitabel Orne, tí gbogbo wa ń pè ní Hetty, ni ọ̀rẹ́ Zerelda tó pẹ́ jù. Ìlà kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà kan náà ni wọ́n bá dé. Mo sì ti rántí alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí Zerelda ka díẹ̀ nínú ìwé náà fún àwa obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tó kà ni ibi tí Annis, ọmọ Hetty, ti kú lójú ọ̀nà. Igi wílò kan wà níbẹ̀ tó tẹrí ba. Òdòdó pápá wà níbẹ̀. Pósí funfun kékeré wà níbẹ̀, áńgẹ́lì sì ń sunkún lókè. Èmi tí mo fúnra mi kọ́ ìwé kíkà lára àpò ìyẹ̀fun, mo máa ń fura sí áńgẹ́lì nínú ìwé. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó kù ló ń nu ojú. Hetty ló ń bu kọfí lọ́jọ́ náà. Mo rí i tí kọfí kún ife kan, tó kún àwo abẹ́ rẹ̀, tí Hetty ò sì dáwọ́ dúró. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

* * *

Hetty jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ápù sínú abọ́. Kò dìde.

"Tamsin. O wá mu kọfí, o mú ọlọ́pàá dání. Ṣé kí n má baà fi ṣúgà dù ẹ́ ni?"

"Mo mú un wá wo kábéèjì ẹ."

"Kábéèjì mi ò pa ẹnikẹ́ni."

Kábéèjì rẹ̀ dára. Ó tóbi, ó le, ó kù díẹ̀ kí yìnyín bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì kó o. Ṣùgbọ́n láàárín oko náà, ìlà kan wà tí kábéèjì ibẹ̀ ti di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Ipa kẹ̀kẹ́ ló gba orí rẹ̀ kọjá. Mo rìn lọ wò ó. Ipa náà lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀, lójú kan náà, títí ilẹ̀ fi le bí ojú títì.

"Ìbaaka mi ló já," Hetty ní láti ibi tó jókòó. "Ó fa kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀."

Lute ti ń mi orí. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀, mà. Ìbaaka bàbá mi náà nígbà kan—"

"Lute, lọ fún ẹṣin lómi."

"Ó ti mu, mà."

"Á tún mu."

Ó lọ. Mo padà lọ jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hetty, mo mú ọ̀bẹ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó ápù. A bó mẹ́ta mẹ́rin.

"Ìbaaka tó bá já á sá lọ ni," mo ní. "Kì í lọ kó bọ̀, kó tún lọ lórí ipa ara ẹ̀. Ìwọ sì kọ́ lo máa jẹ́ kí kábéèjì tó gbó bàjẹ́ lásán. Mo mọ irú ipa yẹn, Hetty. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ta lo sin síbẹ̀?"

Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

Ẹni tó bá bá kẹ̀kẹ́ màlúù wá síbí ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un. Nígbà tí èèyàn bá kú lójú ọ̀nà, a kì í sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àárín ọ̀nà gan-an la máa ń gbẹ́ ilẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, a ó wa gbogbo kẹ̀kẹ́ kọjá lórí rẹ̀, tẹ̀lé ara wọn, títí ilẹ̀ á fi le, tí òórùn màlúù á fi bo òórùn òkú, kí ìkookò má baà hú u. Kò sí òkúta, kò sí àgbélébùú. Bàbá mi wà lábẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè fi ibẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Bí Keel bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́, á fi í sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Philura á gbé e sókè àjà. Ẹni tó ti fi ohun tó fẹ́ràn jù pamọ́ sábẹ́ kẹ̀kẹ́ rí nìkan ló máa ṣe é báyìí, kò sì ní mọ̀ pé ipa yẹn ń kígbe sí irú wa.

"O gbọ́ ohun tó kà," Hetty ní níkẹyìn.

"Mo gbọ́."

"Igi wílò wo? Kò sí igi kankan níbẹ̀, Tamsin! Kò sí pákó tí a lè fi kan pósí, inú àpótí irinṣẹ́ kẹ̀kẹ́ la tẹ́ ẹ sí. Pósí funfun wo?" Ó ju ápù sínú abọ́. "Wọ́n sì ń sunkún. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò kọfí lọ́wọ́. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n lọ dì mọ́ Zerelda. 'Zerelda, pẹ̀lẹ́. Zerelda, ó mà dùn wá o.' Ọmọ ta ló kú?"

"Ọmọ ẹ ni."

"Ta ni wọ́n kí?"

"Zerelda."

"Hẹn. Nígbà tí àwa méjì jọ ń rán aṣọ ìbora ni mo sọ bó ṣe rí lọ́kàn mi fún un. Ọ̀rẹ́ mi ni mo sọ ọ́ fún. Mi ò sọ ọ́ fún ìwé. Gbogbo ohun tó dáa nínú àpótí yẹn, ẹnu mi ló ti jáde. Òun ní kálàmù, òun ni wọ́n ń pè ní ọlọ́gbọ́n. Èmi ni mo ń bu kọfí."

"Kí ló dé tó ò fi sun ún?"

Ó yíjú sí mi, ìbínú rẹ̀ wá di ti tòótọ́. "Ṣé orí ẹ pé? Annis wà nínú ẹ̀."

Mo pe Lute pé kó mú ṣọ́bìrì wá.

* * *

Nígbà tí a gbé àpótí náà lé orí tábìlì Zerelda, ó fọwọ́ pa á yíká, ó gbọ́ òórùn ilẹ̀ lára rẹ̀. Ó ṣí i, ó fọwọ́ kan ìwé. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ìgbà náà ló tó gbójú sókè, ó rí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Hetty?"

"Èmi ni."

"O mọ̀ pé òní ni ọkọ̀ ń gbé e. O mọ̀ pé ojú mi ń lọ. O ṣe é sí mi?"

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo ṣe sí mi? O mọ̀ pé kò sígi níbẹ̀. O wà níbẹ̀!"

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá gbìn ín síbẹ̀ fún?"

Zerelda gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé. "Torí pé ìwọ lo di okùn màlúù mú. Ìwọ lo wa kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ kọjá lórí ẹ̀. Ọkọ ẹ ò lè ṣe é, ọkọ mi ò lè ṣe é. Mi ò fẹ́ kí àwọn tí ò dé ibẹ̀ kà á kí wọ́n wá máa sọ pé, irú ìyá wo rèé."

"Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ṣe fún un nìyẹn," Hetty ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ibà ló ṣe gbogbo ìyókù. Èyí tí èmi ṣe lo yọ kúrò. O fi igi dípò mi."

"Bó ṣe ṣe ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn," Philura ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Philura, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," mo ní. Ó dákẹ́. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Zerelda yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. "Mo jowú ẹ, Hetty. Láti ojú ọ̀nà yẹn. Gbogbo obìnrin tó wà nínú àpótí yìí ló bí, tí wọ́n sin, tí wọ́n tún bí. Èmi ò bí, èmi ò sin. Nígbà tí wọ́n dì mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ̀ pé ìwọ ló yẹ kí wọ́n dì mọ́. Mo rí ẹ pẹ̀lú ìkòkò kọfí. Mo jẹ́ kí wọ́n dì mọ́ mi."

Lókèèrè, ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè ní kọ̀rọ̀ odò.

"Ìyá!" Lute ní. "Ọkọ̀ ti dé!"

"Sáré lọ, ní kó dúró dè wá."

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ pé ọ̀ràn ọlọ́pàá ni. Àbí irọ́ ni?"

Ó sáré jáde. Zerelda ti mú sísọ́ọ̀sì. Ó wá ojú ewé náà, ó fi í sún mọ́ imú rẹ̀ kó lè dá a mọ̀, ó sì gé e kúrò, pẹ̀lú wílò, pẹ̀lú áńgẹ́lì, gbogbo rẹ̀. Ó fà á lé Hetty lọ́wọ́. Hetty ṣí ilẹ̀kùn ààrò, ó jù ú síná. Lẹ́yìn náà Zerelda fa ìwé tuntun, ó ti kálàmù bọ yíǹkì.

"Sọ ọ́," ó ní. "Bó o ṣe fẹ́ kó wà."

Hetty ò jókòó. Ó di etí tábìlì mú, ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ohun tó rà lọ́jà, Zerelda sì ń kọ, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yíǹkì. Mo rántí rẹ̀ torí pé kò gùn:

"Annis Orne kú ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí a sọdá odò. Ibà ni. A tẹ́ ẹ sínú àpótí irinṣẹ́. Kò sí igi. Òjò ń rọ̀. A gbẹ́ ilẹ̀ sáàárín ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀, ó yí màlúù padà, ó tún wà á kọjá, títí ilẹ̀ fi le. Ìkookò kò rí i. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí i."

Zerelda kà á sókè. Kò sẹ́ni tó sunkún. Philura ti kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó ń wò níbẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Hetty ní. Ó tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó lè gbẹ, ó fi í sínú àpótí fúnra rẹ̀, ó sì pa á dé.

Lute padà dé, ó ń mí gúlegúle. Ó ní Keel wà ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú àpótí tirẹ̀ lábẹ́ apá, ó ń wo aago. Mo ní kó gbé ti Zerelda, kó sì kí Keel dáadáa. Ó gbé e, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún dúró.

"Ìyá Rudge, ta ni mo máa wá mú lórí ọ̀ràn yìí?"

"Ìbaaka Hetty. Ó ba kábéèjì jẹ́."

A dúró síbẹ̀, àwa obìnrin, títí a fi gbọ́ tí ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kejì, tó sì ń lọ. Zerelda gbé kálàmù sílẹ̀. Òun àti Hetty ò dì mọ́ra, wọn ò sì wo ara wọn. Mo ti ń wá fìlà mi nígbà tí mo rí i pé ojú Hetty ti dé orí abọ́ ìyẹ̀fun, tó ti tún ṣàn sórí tábìlì. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Hetty," Zerelda ní, "fi ìyẹ̀fun mi sílẹ̀."

"Ó ti ń kan."

"Ìyẹ̀fun mi ni."

"Mo mọ̀ pé tìẹ ni," Hetty ní, ó sì ti ìkúùkù bọ̀ ọ́.